Ìdọ̀tí Abẹ́ Igi Fúrúùtù

Ní ilé tí wọ́n bí Sìmíátù sí ní Muṣin, àwọn ayálégbé ló ń gbá àgbàlá, kálukú lọ́jọ́ tirẹ̀. Obìnrin tí kò bá gbá tirẹ̀ mọ́, ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ni wọ́n máa ń kó ìdọ̀tí náà jọ sí, kí ẹni tó ń kọjá lè rí i. Wọ́n kó o sẹ́nu ọ̀nà ìyá Sìmíátù rí. Ìyá náà kò jáde títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọmọ tó rí ìyẹn ló dàgbà di agbálẹ̀ nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Sùúrùlérè, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Basheerah. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, Márúwá ló ń wọ̀ lọ síbẹ̀. Kí àwọn tó ń sáré ìdárayá tó dé, ilẹ̀ ti mọ́ tónítóní. Lékelèké nìkan ni wọ́n jọ ń fà á. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dé sórí igi ọ̀dán ẹ̀bá ògiri, wọ́n á kọ́ ìtẹ́, wọ́n á pamọ, wọ́n á fi ìgbẹ́ kun gbogbo abẹ́ igi ní funfun. Ó ń bú wọn bí ẹni ń bú orogún. Síbẹ̀, bí ọmọ ẹyẹ bá já bọ́, òun náà ló ń gbé e padà sórí ẹ̀ka tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ológeere gba inú ọgbà náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ẹnjiníà wá yẹ ibẹ̀ wò. Lékelèké ti lọ. Ọ̀gá Oyèwọlé, alábòójútó ọgbà, ní kí gbogbo ibi mọ́ kí àlejò tó dé. Sìmíátù fi ọ̀pá gígùn já àwọn àlòkù ìtẹ́ lulẹ̀, ó fomi fọ abẹ́ igi.

Lydia ni ọmọbìnrin tí wọ́n rán wá nítorí ẹyẹ àti ẹranko. Ó ṣàlàyé fún Sìmíátù pé ọ̀nà lè yà fún igi tí ẹyẹ bá ń kọ́ ìtẹ́ sí.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ń wà níbí lójoojúmọ́. Ṣé ẹyẹ ń gbé orí ọ̀dán yìí?"

Ọ̀gá Oyèwọlé wà níbẹ̀, àwọn ẹnjiníà náà wà níbẹ̀. Lójú Sìmíátù, ó dà bíi pé wọ́n ń bi í bóyá ó máa ń gbálẹ̀.

"Rárá o, àǹtí. Ibí yìí mọ́. Kò sóhun tó ń dọ̀tí ẹ̀."

Lydia dúpẹ́, ó fún un ní nọ́ńbà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ayùn dé láti gé ọ̀dán náà, Sìmíátù mú fóònù jáde, ó sì dá a padà sápò. Kí ni yóò wí? Pé òun purọ́?

Òjò dé, lékelèké dé. Wọ́n ń yí po lókè ibi tí ọ̀dán wà tẹ́lẹ̀, igi wẹ́wẹ́ lẹ́nu àwọn kan. Nísàlẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ń fi kẹ̀kẹ́ sáré lórí ọ̀nà tuntun. Ọ̀nà náà dára, èèyàn ò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá kí Sìmíátù kú iṣẹ́, ilẹ̀ ló ń wò dáhùn. Nígbà tó yá, díẹ̀ nínú àwọn ẹyẹ náà kọ́ ìtẹ́ sórí igi fúrúùtù lápá kejì ọgbà. Kò mọ ibi tí àwọn yòókù gbà.

Ẹ̀ẹ̀rùn padà dé, àwọn ẹyẹ tún lọ. Wọ́n ní ọ̀nà náà yóò gùn sí i, yóò gba ìdí fúrúùtù. Ọ̀gá Oyèwọlé ní kó gbá ibẹ̀ kó dán. Sìmíátù ní òun ti gbọ́.

Lọ́jọ́ tí àlejò dé, gbogbo ọgbà mọ́ àfi abẹ́ fúrúùtù. Ìgbẹ́ ti gbẹ mọ́lẹ̀, ìyẹ́ àti èèpo ẹyin fọ́n káàkiri. Sìmíátù dúró láàárín rẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀, bí ẹni tí ìró bọ́ nídìí rẹ̀ lójú ọjà.

"Ìyá Basheerah," ni Ọ̀gá Oyèwọlé wí, "kí lẹ fi ń gbowó oṣù? Ilé adìyẹ wo rèé?"

Àwọn ẹnjiníà bú sẹ́rìn-ín.

"Lékelèké ni, sà. Ibí ni wọ́n ń pamọ sí."

Lydia bẹ̀rẹ̀, ó ṣa èèpo ẹyin kan, ó gbójú sókè wo àwọn ìtẹ́. Ó sọ fún àwọn ẹnjiníà pé ọ̀nà gbọ́dọ̀ yà níbí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sápá ògiri, níbi tí ọ̀dán wà tẹ́lẹ̀.

"Màmá," ó rọra wí, "ọ̀dán yẹn ńkọ́?"

Sìmíátù lè ní òun kò mọ̀.

"Orí ẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbé," ni Sìmíátù wí. "Èmi ni mo fọ abẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé."

Lydia fi èèpo ẹyin náà sápò. Ó tẹ̀lé àwọn yòókù lọ. Ọ̀gá Oyèwọlé ní kí Sìmíátù gbá ibẹ̀ wàyí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá a.