Ewúrẹ́ Opó Lórí Àpáta Mi

Gbogbo òwúrọ̀ ọyẹ́ ọdún yẹn, ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń kí kí n tó kí ọkọ mi. Ewúrẹ́ mẹ́ta ni, ti aládùúgbò mi ni wọ́n. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, Dahomey la ṣì ń jẹ́, àwọn èèyàn sì ń sọ pé nǹkan á yí padà. Lẹ́yìn ilé tèmi ní ìdí òkè, kò sí ohun tó yí padà. Màá gbálẹ̀, wọn á tún yàgbẹ́ sí i. Bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ewúrẹ́? Ẹ̀yìn ń dùn mí, ìgbálẹ̀ mi ti kúrú tán.

Ká ní ilẹ̀ nìkan ni, ǹ bá gbé e mì. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìn ilé wa, orí rẹ̀ ni mo ń tẹ́ ẹní sí láti sá gbodo, ìyẹn iṣu tí a bó, tí a bọ̀ díẹ̀, tí a wá sá kó gbẹ fún èlùbọ́. Gbodo yẹn ni àwọn ọmọ mi máa jẹ títí iṣu tuntun á fi jáde. Kò sí òmíràn. Èyí tí ewúrẹ́ bá jẹ ti lọ nìyẹn, èyí tí wọ́n bá sì yàgbẹ́ lé, ta ni yóò jẹ ẹ́?

Ẹ óò ní kí ló dé tí n kò lọ bá ẹni tó ni wọ́n. Opó ni. Baálé rẹ̀ kú nígbà tí a ń wa iṣu. Lọ́dọ̀ wa láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ń ṣe opó kì í jáde, kì í gbálẹ̀, kì í da ẹran, a kì í sì í bá a jà. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ń gbé oúnjẹ lọ fún un, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí pé ẹran náà lẹ́nu. Mo sọ fún wọn títí, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ọkọ mi ní kí n ṣe sùúrù. Òun ń lọ oko ní tirẹ̀, èmi ni mo ń bá sùúrù àti ewúrẹ́ gbélé.

Lọ́jọ́ tí àwọn ewúrẹ́ náà da odindi ẹní gbodo kan nù, ara mi ò gbà á mọ́. Mo lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri yàrá opó náà.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "mi ò wá bá yín jà. Ó ti rẹ̀ mí ni. Oúnjẹ àwọn ọmọ mi ni wọ́n ń jẹ."

Ó dá mi lóhùn láti inú yàrá:

"Ìyàwó, bàbá ni wọ́n ń wá. Ṣé o ti gbàgbé ibi tó máa ń jókòó ni?"

N kò gbàgbé. Orí àpáta mi ni. Lọ́sàn-án, bàbá náà, ọkọ rẹ̀ tó kú, á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ mi, á máa ju èèpo iṣu sí àwọn ewúrẹ́ náà, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ. Ojú tì mí, inú sì bí mi pé ojú tì mí.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń da èèpo iṣu sínú akèrègbè fífọ́ lẹ́bàá ògiri rẹ̀, kí wọ́n lè jìnnà sí gbodo. Òun á béèrè láti inú ilé bóyá wọ́n ti jẹun, èmi á ní wọ́n ti jẹun. Ọ̀rọ̀ wa kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò jẹ gbodo mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń wá sùn lórí àpáta, mo sì ń gbá a. Gbodo tó kù gbé àwọn ọmọ dé iṣu tuntun. Èmi ni mo ń dín òkèlè kù.

Lọ́jọ́ tó bọ́ aṣọ opó, mo ń wé gèlè lọ́wọ́ kí n lọ kí i ni mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilé. Òun ni. Ó mú ìgbálẹ̀ tirẹ̀ wá, àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ tò tẹ̀lé e. Mo ní kó fi í sílẹ̀, ó ní kí n jókòó. Mo jókòó, ó ti rẹ̀ mí jù láti jiyàn. Ó gbá ilẹ̀, ó gba orí àpáta lọ. Nígbà tó dé ibi tí bàbá máa ń jókòó, ó gbálẹ̀ yí i ká, kò sì gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó wà lójú ibẹ̀ kúrò, bí ẹni pé bàbá ṣì jókòó síbẹ̀.