Bàbá Lẹ́tà àti Ènìyàn Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta Inú Yàrá Méjì

Wọ́n ní ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló ń gbé inú ilé kékeré tó wà ní igun òpópónà wa, ilé oníyàrá méjì tí wọ́n kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Wọ́n ní lóòró ni wọ́n ń sùn, tí wọ́n fara ti ara wọn bí ìgbálẹ̀. Aṣerunlóge tó wà ní òdìkejì ọ̀nà tún bù sí i: ó ní ìṣó ni wọ́n kàn mọ́ ògiri, pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, oníkálukú á fi ẹ̀yìn ẹ̀wù kọ́ sórí ìṣó tirẹ̀, á sì máa hanrun níbẹ̀. Ó ní ẹni tó sọ fún òun kì í purọ́. Nígbà tí mo bi í pé ta ni, ó ní ẹni náà ò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun.

Baálé ilé ìṣó yìí, tí a bá fi tiwọn ṣe, ni ẹ̀gbọ́n màmá mi. Bàbá Lẹ́tà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi pín lẹ́tà kiri ìlú kí wọ́n tó ní kó lọ sinmi nílé. Ó sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìyàwó rẹ̀ bá a níbi tó ti ń ti ìwé iná àti ìwé omi bọ abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá tiwọn. Ó ní òun kàn ń dán ọwọ́ wò ni. Ìyàwó rẹ̀ fà á lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú tó ni ilé onílẹ̀kùn àwọ̀ ewé náà.

"Ẹ bá mi fún un níṣẹ́," ló sọ fún wọn, "kó tó pín ìkòkò mi fún àwọn aládùúgbò tán."

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹni tí kò nílé lórí, ẹni tí ara rẹ̀ ò dá tí kò sì lálábàárò, á wá síbẹ̀ láàárọ̀, á wẹ̀, á mu tíì gbígbóná, á pààrọ̀ aṣọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹni tó nílé kì í rántí: bí o kò bá nílé, ibo ni wọ́n máa kọ lẹ́tà sí? Ilé ìwòsàn fẹ́ kọ̀wé sí ọ, ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ fẹ́ kọ̀wé sí ọ, gbogbo wọn ló ń béèrè àdírẹ́sì. Ẹgbẹ́ wá yá wọn ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Káfíńtà kan kan pákó mọ́ ògiri yàrá iwájú, ó pín in sí ihò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, oníkálukú ní ihò tí lẹ́tà rẹ̀ ń wọ̀. Bàbá Lẹ́tà ló ń tò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n júwe ọkùnrin yìí díẹ̀. Èjìká òsì rẹ̀ wọlẹ̀ ju tọ̀tún lọ nítorí àpò lẹ́tà. Bàtà rẹ̀ ń dún kíùn kíùn, ajá àdúgbò sì mọ ìró rẹ̀ ju bí ìyàwó rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lọ. Bó bá gbé lẹ́tà lé ọwọ́, kò ní í ṣí i, á kàn ní, "Èyí wúwo bí ẹjọ́," tàbí "Èyí fúyẹ́, ìròyìn ayọ̀ ni." Kì í sábà tàsé. Lọ́dún tó kọjá, mo kọ lẹ́tà kan sí i bí ẹni pé ìjọba ló kọ ọ́, pé bàtà rẹ̀ ń pariwo ju bí òfin ṣe gbà lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń fi epo ra bàtà náà kó tó rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni.

"Oníyẹ̀yẹ́," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "orí rẹ ò pé."

Ṣùgbọ́n kò sọ lẹ́tà náà nù. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pín lẹ́tà, èyí tí òun fúnra rẹ̀ rí gbà ò pé mẹ́wàá.

Òfin méjì ló ní. Ohun tí ènìyàn bá ní kí wọ́n máa pe òun ni wọ́n máa kọ sí ihò rẹ̀: Dẹ́rẹ́bà, Bọ́ọ̀lù, Má-fọwọ́-kàn-mí. Orúkọ tó wà lórí ìwé, inú ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ń tì mọ́lẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí. Òfin kejì ni pé kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni sókè láàárín èrò. "Lẹ́tà kì í ṣe ẹja tí à ń polówó," ni ó máa ń sọ. Lẹ́tà tí kò bá mọ ẹni tó ni ín, inú àpótí tábìlì ló ń fi í sí, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gba lẹ́tà níbẹ̀ ló máa ń kó lọ síbòmíràn láìdágbére. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, á dá a padà sí ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ó wá ku Ìyá Agboòrùn, obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tí kì í jáde láìmú agboòrùn dání, òjò ì báà rọ̀, oòrùn ì báà ràn. Aránṣọ ni. Ilé tó háyà jóná, ẹ̀rọ ìránṣọ jóná mọ́ ọn. Agboòrùn tó mú jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ṣẹ́ kù. Ibùdókọ̀ ló ń sùn. Ojoojúmọ́ ló ń wá sí ilé onílẹ̀kùn àwọ̀ ewé, kì í sì í jókòó lásán: aṣọ tí àwọn ènìyàn bá fi tọrẹ, òun ló ń tún un rán. Ó ti bẹ ọ́fíìsì ìjọba tó ń fún ènìyàn ní ilé gbígbé fún yàrá kan, ó ti di oṣù keje. Láràárọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni òun àti Bàbá Lẹ́tà máa ń sọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti dé?"

"Kò tíì dé, àbúrò."

"Ẹ wo inú ihò yẹn dáadáa. Bóyá ó sá pamọ́."

"Bó bá sá pamọ́, màá fà á létí jáde."

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan tí mo lọ ràn wọ́n lọ́wọ́, Ìyá Agboòrùn ò béèrè. Ó kàn jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ kóòtù. Ó sọ fún mi pé wọ́n máa fi irin yí ibùdókọ̀ ká kí oṣù tó parí, pé ẹni tí kò bá níbi tó ń lọ ò ní lè wọlé mọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni abẹ́rẹ́ gún un.

Bàbá Lẹ́tà jáde sẹ́yìn lọ gba àpò aṣọ. Mo ní kí n pa wọ́n lẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo fa àpótí tábìlì, mo bá lẹ́tà mẹ́sàn-án níbẹ̀. Mo gbé awò Bàbá sójú, mo tẹ èjìká òsì wálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ bíi tíṣà tó ń pe rẹ́jísítà. Dẹ́rẹ́bà ń bá gbogbo wọn dáhùn.

"Ó ní inú ń run òun, tíṣà."

Mo pe òmíràn.

"Ó ń fo fẹ́ǹsì lọ́wọ́ báyìí, tíṣà."

Ẹ̀rín ti gba gbogbo yàrá nígbà tí mo pe ẹlẹ́ẹ̀kẹfà.

"Mo wà níbí," ni ẹnìkan wí.

Ìyá Agboòrùn ló dìde, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, bọ́tìnnì ń fì dirodiro lórí òwú.

"Màmá, ẹ̀yin náà ti ń bá wa ṣeré," ni Dẹ́rẹ́bà sọ.

"Mi ò ṣeré. Orúkọ mi nìyẹn."

Bàbá Lẹ́tà ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, àpò aṣọ lórí. Ó wò mí, ó wo lẹ́tà, ó wo ihò tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ Ìyá Agboòrùn sí. Ó sọ àpò kalẹ̀, ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀. Ní iwájú Ìyá Agboòrùn, òfo ló wà. Àlejò tó bá yà wọlé, á bi í ní orúkọ. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣàwàdà láràárọ̀, kò bi í, ó ti rò pé òun mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí òkèèrè wà lápò ṣòkòtò. Tiwa wà nínú àpótí tábìlì. Ojú tì í bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran.

Ìyá Agboòrùn já lẹ́tà, ó kà á, ó sì nà án sí mi bí ẹni tí ojú ń tàn jẹ. Yàrá ti wà. Kó mú lẹ́tà náà wá kí aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́rú tó lù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n á fún ẹlòmíràn. Ọjọ́rú náà la wà. Aago mọ́kànlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ọkọ̀ ò lè bá a," ni mo sọ.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀?" Bàbá Lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà.

Ẹ wá wo ìrìn. Ó gba ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì, ó gba ojú ọgbà tí pákó rẹ̀ kan ti yọ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi, ó la pápá ilé ẹ̀kọ́ kọjá. Bàtà ń ké kíùn kíùn níwájú. Ìyá Agboòrùn tẹ̀ lé e, ó ṣí agboòrùn lábẹ́ ọ̀run tó mọ́ kedere. Èmi ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mò ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn. Ajá pupa kan gbọ́ ìró bàtà, òun náà bá wa lọ.

"Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi," Bàbá ń sọ láìwẹ̀yìn. "Mi ò sọ lẹ́tà nù rí."

"Ẹ ò sọ ọ́ nù, ẹ̀gbọ́n. Ó ń sinmi ni. Ẹ máa rìn."

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà la wọlé. Akọ̀wé ọ́fíìsì náà wo lẹ́tà, ó wo àdírẹ́sì, ó gbójú sókè.

"Àdírẹ́sì yìí náà ni. Mà, wọ́n ní orí ìṣó lẹ̀ ń sùn níbẹ̀." Ó mú báírò. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi, torí màá kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé ibẹ̀ lẹ̀ ń gbé?"

Mo wo Bàbá, Bàbá wo ajá. Bí Ìyá Agboòrùn bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó purọ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Agboòrùn ká agboòrùn rẹ̀. "Ọmọ mi, lẹ́tà mi ló ń gbé ibẹ̀. Èmi alára, ibùdókọ̀ ni mò ń sùn. Bí wọ́n bá ń bá èèyàn gba lẹ́tà ní ibùdókọ̀ ni, mi ò bá tí yọ wọ́n lẹ́nu."

Akọ̀wé náà kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ, ó sì fa kọ́kọ́rọ́ kan yọ. "Yàrá kejìlá, ìsàlẹ̀. Ẹ fọwọ́ síbí."

Bàbá Lẹ́tà lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn fún ìgbà díẹ̀. Ó ní bàtà ló ń fún òun lẹ́sẹ̀ tí omi fi ń bọ́ lójú òun. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé báírò lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ tí o mọ orúkọ pè, lọ bi gbogbo wọn ní tiwọn. Etí oníkálukú ni kó o ti béèrè." Ẹni mẹ́ta míì ni mo bá tí iwájú tiwọn náà jẹ́ òfo nínú ìwé àkọsílẹ̀. Dẹ́rẹ́bà wà lára wọn, orúkọ rẹ̀ sì gùn débi pé ó jẹ ìlà méjì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà kan dé fún Bàbá Lẹ́tà. Ó gbé e lé ọwọ́. "Èyí fúyẹ́." Ló bá fi ojú apá kan wò mí. "Oníyẹ̀yẹ́, ìwọ tún ni?"

Mo búra. Ó ṣí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù kan. Ẹ wá mu tíì ní Sátidé. Orúkọ mi wà lẹ́yìn àpòòwé yìí, ẹ tètè kọ ọ́ sílẹ̀." Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì níwájú wa, ó tún lọ kà á ní kọ̀rọ̀.

Aṣerunlóge dá mi dúró nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òun gbọ́ pé ọ̀kan ti kó jáde nínú wọn, pé ta ló máa wá jogún ìṣó rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń sùn nínú ilé náà. Bí aago márùn-ún bá lù, Bàbá Lẹ́tà á fọ ife tíì, á ti ilẹ̀kùn, á fi kọ́kọ́rọ́ sápò, á sì gba ilé rẹ̀ lọ.