Ọdún Tí Ẹnikẹ́ni Ò Kú ní Yewa

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé oko Mẹ̀dínátù lẹ́yìn Ìlárá. Nítorí náà, òun àti Ṣàíbù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé Owódé, ti jọ ṣe àdéhùn tipẹ́: bí ọlọ́jọ́ bá dé bá ẹnì kan nínú wọn, kí wọ́n gbé ìkéde lọ sílé rédíò Ìlaró. Láàárọ̀ kùtù, Málọmọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á ka orúkọ àwọn tó kú, gbogbo ilẹ̀ Yewa á sì gbọ́. Ẹni tí rédíò ò bá tíì dárúkọ rẹ̀, ó ṣì wà láàyè nìyẹn.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ìkéde dáwọ́ dúró. Orin ló kù, orin ṣáá. Mẹ̀dínátù ò bínú. Ó ní ikú ti fi Yewa lọ́rùn sílẹ̀. Àràárọ̀ ló ń dúpẹ́, ó tilẹ̀ fi ẹ̀wà ṣe sàárà fáwọn ọmọ kéwú. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín o. Ta ló sọ fún un pé wọ́n ti ní kí Málọmọ́ máa lọ sílé, tí wọn ò sì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀?

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ó ru díẹ̀ lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Roheemat, ìyàwó Ṣàíbù, ló ṣílẹ̀kùn. Kò kúnlẹ̀, kò sì sọ ẹrù rẹ̀.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, Màmá Ìlárá? A retí yín títí níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ."

"Fídáù ta ni?"

"Ti ẹ̀gbọ́n yín."

Iṣu dà sílẹ̀.

"Rédíò ò sọ ọ́," Mẹ̀dínátù ní.

"Lukman ọmọ wa gbé ìkéde dé Ìlaró fúnra rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì gbà á, ó ní wọ́n á kà á."

"Orin ni wọ́n ń kọ, Roheemat. Látìgbà ọyẹ́, orin nìkan. Ẹ̀yin ò gbọ́ ni?"

"A kì í tan rédíò mọ́, Màmá. Fóònù la fi ń gbọ́ nǹkan." Ìbínú ti kúrò lójú rẹ̀.

Mẹ̀dínátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín iṣu. Ọmọ ìyá rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀, òun ń ṣe sàárà ìdúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá rántí àwọn ẹbí tó wà ní Igbógilà, àtàwọn tó wà ní Ayétòrò.

"Roheemat, ta ló tún kú?"

Roheemat kọ́kọ́ ṣa iṣu jọ sínú abọ́. Lẹ́yìn náà ló jókòó tì í, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn.