Ọta Tí Wọ́n Ní Wọ́n Ti Yọ

Mò ń ṣẹ́ etí aṣọ ilé-ìwé lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Aṣọ aláwọ̀ búlúù mẹ́rìnlá ni, ti ilé-ìwé kan ní Mushin, mo sì ti parí mẹ́sàn-án. Mo rántí iye rẹ̀ nítorí pé n kì í dìde nídìí ẹ̀rọ láìka iṣẹ́ tó kù. Sájẹ́ǹtì obìnrin kan ló pè mí, láti ọ́fíìsì kan ní Yaba tí wọ́n ti ń gba ìwé àwọn sọ́jà àtijọ́ wọlé. Ó ní dókítà yóò wà níjokòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí n mú bàbá mi wá, kí a sì kó gbogbo ẹ̀rí tí a bá ní nípa ọgbẹ́ wọn dání.

Mo ní, "A ní ọta náà gan-an, mà."

"Ọta wo?"

"Èyí tí wọ́n yọ nítan wọn."

Ó ní, "Ó dáa, Àǹtí. Ẹ mú un bọ̀."

Bàbá mi ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé ní Pápá Àjàó, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé, kí irùngbọ̀n wọn tó hù dáadáa. Ọta bà wọ́n nítan òsì lójú ogun. Wọ́n fi báńdéèjì dì í fún wọn níbẹ̀, wọ́n ní kí bàbá mi lọ sinmi nílé, nígbà tí wọ́n sì padà sójú ogun, wọ́n jà títí ogun fi parí. Ohun tí bàbá mi sọ fún àwa ọmọ kò ju ìyẹn lọ. Ìwé ìfẹ̀yìntì wọn wà lọ́wọ́. Ó sọ pé wọ́n jagun. Kò sọ pé wọ́n fara gbọgbẹ́.

Lọ́dún tó kọjá ni bàbá mi gbọ́ lórí rédíò pé àwọn tó gbọgbẹ́ lójú ogun, tí wọn kò sì tíì gba àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀, lè kọ̀wé béèrè. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi àmì-ẹ̀yẹ ṣe lọ́jọ́ orí wọn yìí. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó kú pé ẹ̀jẹ̀ mi wà níbẹ̀." N kò tún bi wọ́n mọ́. Mo kọ ìwé náà, mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ́ lójú mi.

Ọta tí mo sọ fún sájẹ́ǹtì yìí, inú agolo ìpara kékeré kan ló ń gbé, a fi òwú wé e. Ìyá bàbá mi ló tọ́jú rẹ̀ títí wọ́n fi kú. Ìtàn tí a gbọ́ ni pé nígbà tí bàbá mi dé sílé pẹ̀lú itan tó wú, ìyá wọn ránṣẹ́ pe oníṣègùn kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ní abúlé kejì. Ọkùnrin náà sín gbẹ́rẹ́ yí ojú ọgbẹ́ ká, ó gbé ìwo màlúù lé e, ó fi ẹnu fà á títí. Nígbà tó tú ẹ̀jẹ̀ dídì sínú àwo, irin ró nínú àwo náà. Ìyá wọn kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òbúkọ ni wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n bá ṣí agolo yẹn nílé wa, gbogbo wa là ń dákẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, a dé Yaba kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Àwọn àgbà ọkùnrin mẹ́fà ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn bí ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀kan tó dé fìlà funfun bi bàbá mi pé ibo ni ìbọn ti bà wọ́n. Bàbá mi fọwọ́ kan itan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúpẹ́," ni onífìlà funfun wí. "Tèmi, ìdí ni. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló ń bi mí pé ta ni mò ń sá fún."

Dókítà náà jẹ́ sọ́jà, kò sì tíì pé ẹni ogójì ọdún. Ó fara balẹ̀. Ó wo itan bàbá mi, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ yíká. Àwọn gbẹ́rẹ́ náà dúdú, wọ́n kéré, wọ́n sì sún mọ́ra; mo kà wọ́n níbi tí mo dúró sí, wọ́n jẹ́ mọ́kànlélógún. Dókítà ní gbẹ́rẹ́ ti da ojú àpá náà rú, òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọta ló dá a. Ó ní eéwo ńlá pàápàá lè fi irú rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní kí n fún un ní agolo.

Ó da irin náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e lọ síbi fèrèsé, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni bàbá tó bí mi ń tún ṣe. Nídìí ìsọ̀ wọn ni mo dàgbà sí. Orí sípóòkù nìyí, èyí tí wọ́n fi ń fún àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ẹ wo ibi tí spánà ti ń dì í mú."

Èmi náà wò ó. Òótọ́ ni. Ihò wà láàárín rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ní igun mẹ́rin tó dọ́gba. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti wà nílé wa, kò sì sí ẹni tó fojú sí i wò dáadáa rí. Abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì àti síìpù ni mo fi ń jẹun. Mo mọ ohun tí ẹ̀rọ ṣe tí mo bá rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá àgbà bá ti fi òwú wé, ta ló fẹ́ tú u yẹ̀ wò?

Dókítà pa fáìlì dé. "N kò ní kọ ọ́ pé irọ́ ni, Bàbá. Ohun tí màá kọ ni pé ẹ̀rí kò tó."

Bàbá mi so okùn ṣòkòtò wọn. Ilẹ̀kùn kò sé, àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí a ṣe ń jáde, onífìlà funfun ní, "Ẹ̀gbọ́n, àbí kẹ̀kẹ́ ló kọ lù yín lójú ogun ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kò fi ìkà ṣe é. Ẹ̀fẹ̀ sọ́jà sí sọ́jà ni. Bàbá mi kọjá lára wọn bí ẹni tí kò gbọ́.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, bàbá mi kò tan rédíò. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì sọ ohun kan láìwo ojú mi: "Bóyá eéwo ni lóòótọ́. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn ló já mi láyà. Bí wọn kò bá rí àmì-ẹ̀yẹ gbà, a ó gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bàbá mi ti ń bá dókítà gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn kò ṣẹlẹ̀.

Mo ń lẹ àpò mọ́ aṣọ lọ́wọ́, orí mi sì ń ṣiṣẹ́ bí orí aránṣọ. Tí mo bá gé àpò mẹ́rìnlá, tí aṣọ mẹ́tàlá péré sì lápò, àpò kan wà níbì kan nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, kò lè ṣaláìsí. Ọta wọ itan bàbá mi. Ohun tí wọ́n yọ kì í ṣe ọta. A jẹ́ pé ọta kò tíì jáde. Mo dá ẹ̀rọ dúró.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ ya ẹ́síréè itan yẹn."

"Kí la fẹ́ wá níbẹ̀?"

"Ohun tí oníṣègùn yẹn kò yọ."

Wọ́n yíjú sí mi. "Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ? Ò ń sọ pé wọ́n tan ìyá mi jẹ."

"Mo mọ̀, sà."

"Òbúkọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni wọ́n fà fún ọkùnrin yẹn."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Tí a bá débẹ̀ tí kò sí nǹkan kan ńkọ́?"

Èmi náà ti ń bi ara mi. Mo ní, "Èmi ṣì máa gbà pé ọta bà yín."

"Ìwọ kọ́ lo ń kọ ìwé wọn." Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n bá wọn mú fìlà wọn wá.

Ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú ara, ní Sábó ni, lókè ilé oògùn kan. Obìnrin kan tó wé gèlè dúdú ló ń darí ẹ̀rọ náà. Ó ní kí n dúró síta. Mo ka táìlì ilẹ̀: mẹ́jọ níbùú, mọ́kànlá lóòró. Mo tún un kà. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé màá tún mú bàbá mi lọ síwájú ìtìjú kejì, àti pé èmi ni màá fọwọ́ mi mú wọn lọ.

Obìnrin náà yọjú. "Ta ló bá Bàbá wá?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn nítan rí? Bóyá wọ́n fi irin to egungun?"

"Rárá."

"Irin wà níbẹ̀ o."

Mo jókòó sórí àga tó sún mọ́ mi jù. Ẹnu mi ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, mà, ẹ ṣeun," bí ẹni pé òun ló fi irin náà síbẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, bàbá mi ti dúró níwájú àwòrán náà tí iná ń tàn lẹ́yìn rẹ̀. Egungun itan wọn rí bí èéfín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni nǹkan kan wà tó funfun ju egungun lọ, etí rẹ̀ rí págunpàgun bí eyín tó kán.

Wọ́n na ìka sí i. "Òun nìyí?"

Obìnrin náà ní, "Òun ni, Bàbá."

"Ó kéré," ni wọ́n wí. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin náà gbé omi fún wọn.

Nígbà tí a padà sí Yaba, dókítà gbé àwòrán náà síwájú fèrèsé, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n. Mílímítà mọ́kànlá ni. Ó ní àfọ́kù ọta ni, pé ẹran ti bò ó mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó kọ̀wé títí ojú ewé méjì fi kún. Ó bi bàbá mi bóyá wọ́n fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́.

Bàbá mi ní, "Ẹni tó ti gbé ibì kan tó bẹ́ẹ̀ ti di onílé. Ẹ fi í sílẹ̀."

Sájẹ́ǹtì obìnrin náà lu òǹtẹ̀ sí ìwé, ó ní orúkọ wọn ti wọ ìwé àwọn tó gbọgbẹ́ lójú ogun. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fa ẹ̀wù rẹ̀ gún, ó sì kí bàbá mi bí sọ́jà ṣe ń kí ọ̀gá. Ọwọ́ wọn kò ròkè tán nígbà tí wọ́n dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn gún.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni àmì-ẹ̀yẹ náà tó dé. Ó wà lára ògiri yàrá wọn báyìí. Agolo náà ṣì wà, a kò kàn mọ ohun tí a ó máa pe ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. N kò bínú púpọ̀ sí oníṣègùn yẹn. Itan náà kò wú mọ́ lóòótọ́ lẹ́yìn tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyá bàbá mi sì rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ yẹn ni mo máa ń rántí jù.

A ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì nígbà tí bàbá mi dúró, tí wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Mo bi wọ́n bóyá ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Láti kékeré ni mo ti ń bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn, "rárá" sì ni wọ́n máa ń dá mi lóhùn.

Wọ́n ní, "Ó ń dùn mí. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń dùn mí. Nígbà tí wọ́n ti ní wọ́n yọ ọ́, kí ni mo fẹ́ wí níwájú ìyá mi? Fún mi léjìká rẹ, ká máa sọ̀ lọ."