Ọ̀sán Tí Bàbá Mi Bọ́ Táì

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá gbóòórùn kòkó tí wọ́n sá sóòrùn, tó ń ta bí ọtí, n óò fura sí ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín.

Ìjọba dá bàbá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní Àkúrẹ́, a padà sí Oǹdó. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń so táì, kì í sì í sùn lóru.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bọ́ táì, ó kúnlẹ̀ ti ẹní, ó ń fọwọ́ yí kòkó. Aládùúgbò kan kí i pé, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Ọ̀gá ti tán! Àgbẹ̀ ni mí." Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá mi sáré gbóòórùn ẹnu rẹ̀. "Bàbá Délé, kí lẹ mu?"

"Omi."

Mo ṣí ẹní wò bóyá ìgò wà níbẹ̀. Mo ti dàgbà kó tó yé mi pé ọ̀gá yẹn gan-an ni ẹrù tó ń rù káàkiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn ti ràn dé orí ibùsùn, bàbá mi kò jí. Ìyá mi na ìka sí ihò imú rẹ̀ bóyá ó ń mí. Ó hanrun mọ́ ọn lọ́wọ́.