Omi Àdúrà Nínú Páànù Gbénró

Adínkọnkéré ni wọ́n ń pe Gbénró ní sáìtì tí wọ́n ti ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún Southmere, ní London, ní 1992. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Bí lọ́rì bá gbé kọnkéré tútù dé, á bu díẹ̀ sí páànù, á wọ̀n ọ́n, á gbé e sórí iná gáàsì nínú yàrá kékeré kan títí á fi gbẹ, á tún un wọ̀n. Ohun tó bá dín ni omi. Bómi bá pọ̀ jù, ilé kò ní lágbára. Lọ́rì á padà nìyẹn.

"Uncle, ṣó ti jinná?" làwọn ọmọ Yorùbá tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń bi í. "Ẹ bù fún wa."

Kì í rẹ́rìn-ín. Kì í jókòó náà. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń gbé ní Woolwich. Bó bá ń jẹun, á dìde lọ wo ìta lójú fèrèsé, á padà, á tún dìde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Isaac, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń wa lọ́rì, gbé kọnkéré dé. Wọ́n ti dá tirẹ̀ padà rí. Wọ́n ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Gbénró bu kọnkéré sí páànù. Ara rẹ̀ kò gbà á, ó jáde lọ wo lọ́rì kó tó wọ̀n ọ́n. Ó padà, ó wọ̀n ọ́n, ó dín in gbẹ, ó tún un wọ̀n. Omi pọ̀ jù.

Ọ̀gá sáìtì ní kí lọ́rì máa lọ.

"Uncle Gbénró, mi ò bomi sí i."

"Ìwọ̀n ló sọ bẹ́ẹ̀."

Isaac wọ ọkọ̀ lọ. Gbénró ń rìn yí iná po. Christiana, ìyá ìjọ wa tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, wọlé tòun tìgò lọ́wọ́.

"Fọkàn balẹ̀. Mo ti gbàdúrà síṣẹ́ rẹ láàárọ̀ yìí. Ìdérí ìgò mẹ́ta: ti Baba, ti Ọmọ, ti Ẹ̀mí Mímọ́."

"Síbo, Mummy?"

"Sí páànù. Ṣé ibẹ̀ kọ́ niṣẹ́ rẹ wà ni?"

"Ẹ ti bomi sí i."

"Omi àdúrà ni."

"Omi ni, Mummy."

Gbénró sáré jáde. Lọ́rì ti dé géètì, ó lọ dúró níwájú rẹ̀. Ó sọ fún ọ̀gá sáìtì pé òun fi páànù sílẹ̀, omi sì bọ́ sí i; ọ̀gá bú u. Gbénró ní ẹ̀bi òun ni. Kò dárúkọ ìyá náà. Wọ́n bu òmíràn. Kọnkéré kì í dúró dèèyàn, ó ti fẹ́ máa le. Isaac di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń wo iná.

Omi rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n ní kí Isaac dà á síbi iṣẹ́.

Lọ́sàn-án, Isaac gbé òmíràn dé. Gbénró dúró ti páànù, ó ń ti orí ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí èkejì, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀.