Ìyà Ẹlòmíràn Tí Mo Dín Kù

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀ ní ìjọ wa ní Olódò. Ilé-ìwé ìjọ ni mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń ṣe é, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀dọ́ abilékọ kan tó jẹ́ olùkọ́ dara pọ̀ mọ́ wa, mo jowú rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi máa ń jẹ́rìí. Á ní òun gbé oògùn kíkorò mì, òun la iná kọjá, ayé òun fọ́ túútúú. Àwọn ọ̀dọ́ á ti pàtẹ́wọ́ kí n tó la ẹnu. Èmi tí ọkọ mi dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọdún méjì, Yorùbá ni mo fi jẹ́rìí tèmi. Àmín mẹ́ta ni mo gbà, ọkọ mi ló sì ṣe ọ̀kan níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fẹ́ yan obìnrin kan tí yóò jẹ́rìí lórúkọ gbogbo ìyá níbi ìkórè. Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kù kí wọ́n yàn, olùkọ́ yìí dìde. Ó ní òun bí ọmọ olóṣù méje, kò ké. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀run àpáàdì gan-an nìyẹn. Mo mọ ohun tó yẹ kí n wí: ojú mi rí màbo. Ó ti wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Ó ní nǹkan le fún òun díẹ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ṣeun."

Àwọn ìyá àgbà ṣe àmín bí ẹni tó gbọ́ pé òjò fẹ́ rọ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo ti ń wá bàtà mi.

"Mọ́mì, ẹ kúuṣẹ́ mà. Ṣùgbọ́n ẹ dín ìyà mi kù."

"Ṣé Yorùbá ti di èèwọ̀ fún olùkọ́ ni? O ò bá fẹnu ara ẹ sọ ọ́."

"Mo ti gbìyànjú ẹ̀ nílé, mà. Ohùn mi kì í jáde. Tí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ó máa ń dà bí ẹni pé ẹlòmíì ló ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ̀yin ni mo gbójú lé pé ẹ máa bá mi sọ ọ́ fáwọn ìyá."

Bàtà tí mo ń wá wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni wọ́n yàn fún ìkórè. N kò lè sùn. Mo lọ jẹ́wọ́ fún ìyá ìjọ wa.

"Ìwọ! Pẹ̀lú gbogbo ààwẹ̀ tó ò ń gbà? Lọ tún un ṣe."

Lọ́jọ́ ìkórè, mo fa olùkọ́ náà dìde dípò ara mi, mo dúró tì í. Ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ojú mi rí màbo. Ọmọ tí kò ké ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́."

Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà kan dìde, ó lọ gbá a mọ́ra, òmíràn tẹ̀ lé e, títí wọ́n fi yí i ká. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ mi. Ọlọ́run mọ̀ pé mo ṣì jowú lọ́jọ́ yẹn; ṣùgbọ́n n kò dín ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kù.